Àpótí Oníyàrá Mẹ́rin

Mẹ̀dínátù tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó to dísìkì kọ̀ǹpútà mẹ́rin sí i, ó sì ń nu eruku ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn ni gbogbo fọ́tò àti fídíò tí bàbá rẹ̀ yà ní Ayétòrò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà, kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Kọ̀ǹpútà àgbà tí bàbá fi sílẹ̀ kò sì láyè ju ti ẹyọ kan nínú wọn lọ. Bí ẹnìkan bá wá béèrè fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́, àfi kí ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó yọ ọ̀kan, kí ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹnu wáyà ti ń mì bí eyín arúgbó.

Ó di wọ́n, ó gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ridwanullah, ọmọ Ìmẹ̀kọ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Kò tíì rí i rí. Ó bá a níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ fáànù kékeré kan, tó ń bá fáànù náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó máa ń dá yín lóhùn?"

Ridwan gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ti mọ́, á dáhùn. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí ẹ gbé wá yìí ńkọ́, kí ló ń ṣe wọ́n?"

Mẹ̀dínátù náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé.

"Ilé ni wọ́n ń wá," ni Ridwan wí. "Àpótí oníyàrá mẹ́rin kan wà, ìta kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí. Ó ní iná tirẹ̀. Okùn kan ṣoṣo la ó fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn á sì máa hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kùtọnu la ti máa ń rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti bọ́dà."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ridwan kì í yà wá wo kọ̀ǹpútà nílé wọn. Á tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, á ka gbogbo ihò ibẹ̀, á kọ ọ́ sí ìwé, á sì máa lọ.

Ìyá Mẹ̀dínátù, Àlàájà Jẹ̀mílátù tó ń ta gààrí, wò ó títí. "Mẹ̀dí, ìwọ ni ọmọkùnrin yìí ń fẹ́ ni, àbí kọ̀ǹpútà?"

"Màmá, kò yé èmi náà."

Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ridwan tó pa tọ́ọ̀ṣì. "Mẹ̀dí, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ń wá látọjọ́ yìí." Inú ọmọbìnrin náà dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó sọ fún ìyá rẹ̀.

"Ọmọ Ìmẹ̀kọ tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀?" ni Àlàájà wí. "Kó kọ́kọ́ ṣe èyí tó tìtorí rẹ̀ wá. Iṣẹ́ ayé ọkọ mi ló wà nínú àwọn irin yẹn. Bí ọ̀kan péré bá sọnù, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Àpótí méjì ló wà nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ta ọ̀kan ní Ìlaró: oníke ni, kò dán, okùn USB ló ń lò. Èkejì wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìmẹ̀kọ: onírin ni, ó ń dán gbinrin, okùn pupa kan tó yára ju USB lọ ló ń lò. Ó ti Kùtọnu wọlé kí wọ́n tó ti bọ́dà. Lásìkò yẹn, ohun yòówù tó bá ti Kùtọnu wá ti di wúrà lójú aráàlú.

"Ti Ìlaró yẹn náà dáa," ni Ridwan bẹ̀rẹ̀.

"Ti Kùtọnu ni ojúlówó!" ni Àlàájà wí, ojú rẹ̀ sì tàn.

Ridwan wo ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ mì. "Ó dáa, Màmá. Ti Kùtọnu la ó rà."

Ó gun ọ̀kadà lọ, ó gbé e dé. Ó ki dísìkì mẹ́rin bọ yàrá mẹ́rin, ó so okùn pupa mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló hàn.

"Mẹ́ta tó kù dà?" ni Àlàájà béèrè.

Ridwan tú u, ó tún un so. Ẹyọ kan náà ni.

"Ó ti pa wọ́n! Dìde, máa lọ," ni Àlàájà pariwo.

Mẹ̀dínátù sunkún títí. Ṣé aláìmọ̀kan ni, àbí ẹlẹ́tàn? Orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó ti àpótí náà, ó pa á, ó mú dísìkì kejì sí yàrá àkọ́kọ́, ó tan án. Dísìkì kejì hàn! Ó fi ẹ̀kẹta síbẹ̀. Ó hàn. Ẹ̀kẹrin náà hàn. Ó gbé fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n Ridwan, wọn ò kú! Èyí tó bá wọ yàrá àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń rí."

Ridwan dáhùn: "Kọ̀ǹpútà bàbá ti dàgbà, ọ̀wọ́n mi. Ní ihò tí okùn pupa ń wọ̀, dísìkì kan péré ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ihò USB ló ti mọ̀ ọ́n bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo fura."

"Ẹ fura, ẹ sì dákẹ́?"

"Mo rí bí ojú Màmá ṣe tàn. Ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù rẹ."

Inú bí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Kò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún Màmá."

Ridwan dá àpótí onírin padà, ó gba Ìlaró lọ. Nígbà tó dé, ẹnu ọ̀nà Àlàájà ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àpótí oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá, mo ṣì í. Èyí tó máa dùn mọ́ yín nínú ni mo yàn, n kò yan èyí tó bá kọ̀ǹpútà mu. Ẹ dárí jì mí."

Àlàájà fi ẹsẹ̀ ti àga kan sún mọ́ tábìlì fún un.

Ó so okùn USB. Ọ̀kan hàn. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Wọ́n dúró. Ẹ̀kẹrin yọjú.

"Ó máa ń lọ́ra díẹ̀," ni Ridwan wí.

"Ta ló ń lé wa?" ni Àlàájà dáhùn. "Ṣí ọ̀kan kí n rí i."

Fídíò ìsọmọlórúkọ kan ni Mẹ̀dínátù ṣí. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó fajú ro. Láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, ohùn ọkùnrin kan jáde: "Jẹ̀mílátù, rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́."

Àlàájà fi etí gèlè nu ojú. Ó ní kí wọ́n tún fídíò náà fi han òun. Wọ́n tún un fi hàn án nígbà mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ridwan. "Bàbá rẹ tó wà ní Ìmẹ̀kọ ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi, ṣé iyán ni kí n gún dè wọ́n, àbí ẹ̀bà ni wọ́n fẹ́ràn?"