Ìdajì Ni Wọ́n Sọ fún Un

Ọjọ́ tí Múyì kọ́kọ́ wọ Erunmu, ẹ̀rín ló pa mí. Ọdún 1964 ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé Onítẹ̀bọmi nígbà tí mo rí ọkùnrin gíga kan lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, ó di ìwé rẹpẹtẹ mọ́ àyà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Mo ń wá ẹni tó máa mú mi yí oko ká."

"Ẹ̀yin? Nínú bàtà yẹn?"

Ó wo bàtà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Báńkì àgbà ti ìjọba ní Èkó ló ti wá. Mo bi í bóyá òun ló ń tẹ owó. Ó ní rárá o, ìbéèrè ni iṣẹ́ òun. Àwọn tó kàwé nípa ọrọ̀ ajé ló wà ní ẹ̀ka tòun. Wọ́n ń wádìí ohun tí oko ń mú jáde, ohun tí ìdílé ń jẹ, àti bí ọjà ṣe ń wọ́n, kí ìjọba lè mọ bí ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣe rí.

"Wọ́n ṣì ń dán mi wò ni," ó ní. "Bí ìwádìí yìí bá dára, wọ́n á rán mi lọ kàwé sí i ní Ìlú Ọba, ọdún mẹ́ta gbáko. Bí mo bá dé, mo di ọ̀gá nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi mú un yí oko ká lẹ́yìn ilé ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́ bí aago méjì bá ti ń sún mọ́. Ó ń pè mí ní Títí òun. Èmi náà ń pè é ní Bùọ̀dá Múyì, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, ohun mìíràn ni mo ń pè é.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn mi ṣe. Bàbá mi, Díákónì Josiah, ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa.

"Ẹni tó bá ń ka igi kòkó, owó orí ló fẹ́ gbà," wọ́n ní. "Ohunkóhun tó bá bi yín, ìdajì ni kí ẹ sọ."

Díákónì o! Ẹgbẹ̀rún igi kòkó ni bàbá mi ní, wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni. Ìyá Fàtímọ̀ tó ní ewúrẹ́ méjì ní ọ̀kan ni. Gàfárù tiẹ̀ ní ìyàwó kan ṣoṣo lòun ní, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kejì ló ń gbé omi bọ̀ fún wa! Múyì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbúrò Gàfárù ni. Mo fi eyín di ètè mú kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Nígbà tó wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi, wọ́n fò dìde.

"Agbowó-orí! Nínú ilé mi! Láéláé!"

"Bàbá, kì í ṣe agbowó-orí."

"Kí ló wá ń ka igi mi sí?"



Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà Múyì dé láti Èkó. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ọkọ̀ òkun yóò gbé e lọ ní oṣù karùn-ún. Mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo tún gbé e. Mo tún ilé tí mo ti gbá gbá. Ọdún mẹ́ta! Nígbà tó di Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo wọ òmíràn lọ bá a nílé rẹ̀ ní Èkó, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bùọ̀dá Múyì, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdajì ni wọ́n sọ fún yín."

Ó wò mí. "Díákónì náà ńkọ́?"

"Bàbá mi gan-an ló kọ́ àwọn yòókù."

"Ìyàwó Gàfárù ńkọ́?"

"Méjì ni."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà, òun ni kò yẹ ohun tí òun gbọ́ wò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn ni wọ́n rán lọ sí Ìlú Ọba, wọ́n sì ní kí Múyì lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó padà wá dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá mi. "Bàbá, mo ti da iṣẹ́ yẹn nù. Mo fẹ́ tún un ṣe. Orúkọ yín kò ní sí níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Múyì ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá," mo ní, mo kúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo sunkún títí ojú mi wú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n mú àdá, wọ́n fúnra wọn mú Múyì lọ sóko. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá ní, "Mi ò tíì rí agbowó-orí tó da ìwé nù rí. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá."

Ọjọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi, ó fà mí sẹ́yìn ilé.

"Títí mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé nítorí òtítọ́ lo ṣe wá bá mi ní Èkó, àbí nítorí kí n má baà lọ?"

Mo lè purọ́. Ta ló máa mọ̀?

"Nítorí kí ẹ má baà lọ ni."

Ó di ọwọ́ mi mú.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń bi èèyàn léèrè ní Erunmu," ó ní, "ìwọ lo kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."