Ẹyẹ Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Wọ́n ti sin ọmọ náà kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé etí Onífèrè. Ìlú òkèèrè ló wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, iná fóònù rẹ̀ sì ti tán. Nígbà tó rí iná gbà sí i, ohùn tí ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, fi sílẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́: "Ọmọ Aránṣọ ti kú. A pè ọ́ títí lánàá, a ò rí ọ. A ti sin ín."

Aránṣọ ni ìyàwó àbúrò Káfíńtà. Agboolé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jókòó ni. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á.

Onífèrè wọlé pẹ̀lú báàgì aṣọ nìkan. Fèrè idẹ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́, nítorí Káfíńtà ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́: "Níta lo ti jẹ́ onífèrè. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ nínú ilé mi, ọjọ́ náà ni ìrìn àjò parí." Ó sì ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ètè tó bá sinmi jù a máa dẹ̀, onífèrè tí ètè rẹ̀ bá sì dẹ̀ kò níṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tó fi máa ń yọ ẹnu fèrè, irin kékeré tí a ń gbé sétè, tó ń so ó mọ́ etí ìró rẹ̀ wá sílé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á yọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n to igi sí, á fọn irin náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ a tín-ínrín, a máa gbọ̀n, bí ohun tó sọnù tó ń wá ilé. Onífèrè fẹ́ràn ohùn yẹn. Létí tirẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà tó ti bọ̀ ló ń pè é lórúkọ.

Ó lọ kí Aránṣọ nínú yàrá. Wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀ níbi tó wà.

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

"Ẹ ṣé, ìyálé mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ìyá ọkọ wa ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́."

"Màmá kẹ̀?"

"Àjẹ́ ni. Ẹyẹ rẹ̀ ti ń ké lẹ́yìn ilé ìdáná kí ọmọ mi tó kú. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ké, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Gbogbo ìgbà tó bá sì ké, Màmá ni wọ́n ń rí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹ ò gbọ́ ọ rí ni? Ìgbà tí ẹ wálé kẹ́yìn ló ké jù."

Irin náà wúwo létí ìró Onífèrè. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni: "Mi ò gbọ́ ọ rí."

Màmá yìí ló ń tọ́ ọmọbìnrin Onífèrè nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń dì í nírun. Báyìí, oúnjẹ tó bá sè ń tutù sínú ìkòkò ni. Àǹtí Káfíńtà kan, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi, kì í jẹ́ kó kọjá lọ láìsọ̀kò ọ̀rọ̀.

"Ẹ wo bó ṣe ń rìn! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dún nílẹ̀."

"Sálúbàtà ni mo wọ̀," ni Màmá dáhùn. "Bó bá jẹ́ ariwo lo fẹ́, lọ ra bàtà onígi wá fún mi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì kíákíá.

Onífèrè pinnu pé òun ò ní fọn ún mọ́. Ó mú ìpinnu náà ṣẹ fúngbà díẹ̀, títí ọ̀gá ẹgbẹ́ fi pè é.

"Eré ńlá ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ìwọ nìkan lo máa dá fọn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé ètè rẹ ṣì le?"

"Ó le, ọ̀gá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sídìí igi. Díẹ̀ ni, ó sọ fún ara rẹ̀, díẹ̀ báyìí.

Ẹyẹ náà ké.

"Ó ti dé o!" Aránṣọ figbe ta. "Ẹ gbà mí o, ó ti dé wá mú ọmọ tó kù nílé!"

Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Onífèrè ki irin bọ etí ìró, ó gba ẹ̀yìn ilé yípo, ó dà pọ̀ mọ́ wọn, ó sì ń béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n ti bá Màmá, òun àti ọmọbìnrin Onífèrè tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Aránṣọ fa Màmá láṣọ, gèlè arúgbó náà já bọ́ sínú eérú. Káfíńtà dúró bí pákó tí wọ́n fi ti ògiri. Nígbà tó yá, ó fa ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Màmá.

"Màmá," ó ní, "lọ́la, ẹ ó kúrò nílé yìí."

Màmá wo Onífèrè lẹ́ẹ̀kan. Onífèrè wo ilẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹbí kún pálọ̀. Àpò Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, kékeré bí àpò ẹni tó ń lọ kí èèyàn. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ wọn, wúkọ́ díẹ̀, ó kọjú sí Màmá.

"Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo ni ẹyẹ náà?"

"Mi ò ní ẹyẹ kankan. Mi ò sì ní ọ̀rọ̀ míì láti sọ."

Onífèrè dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó gbé irin sétè.

Ẹyẹ náà ké nínú pálọ̀, nínú oòrùn àárọ̀.

Àga ṣubú. "Àjẹ́ ti di méjì!" ni Ẹnu-ò-sinmi ké. "Ó ti fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ jẹ!"

Onífèrè kúnlẹ̀ níwájú Aránṣọ, ó na irin náà sí i. "Gbà á. Pa ètè rẹ pọ̀, kí o fẹ́ ẹ."

Aránṣọ gbà á bí ẹni tó ń gba ejò. Atẹ́gùn lásán ló kọ́kọ́ jáde. Ó tún un fẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ohùn tín-ínrín náà sì ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó sọ pé àjẹ́ ti di mẹ́ta. Irin já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta wá ni kí n dì mú?" ó bi wọ́n. "Ẹ sọ fún mi. Ta ni kí n dì mú?"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ṣèlérí."

"O sì wà níbẹ̀ lánàá. O ń wò mí, mo lé ìyá mi."

"Mo wà níbẹ̀."

Káfíńtà jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Wọn ò gbọ́ ìró òòlù rẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí pálọ̀ dá, Onífèrè gbé àpò Màmá padà sí yàrá. Màmá jókòó sétí ibùsùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ̀."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Bí o bá ti ibẹ̀ dé, àpá irin náà a máa pọ́n bí òrùka létè rẹ. Mo kàn máa ń lọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ọkọ rẹ má baà já lù ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ṣé kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni? Mo ń dúró kí ìwọ sọ ọ́."

Ojú ti Onífèrè débi pé kò lè jókòó. Màmá na ọwọ́, ó fà á mọ́ra.

"Lọ ṣeré rẹ. Èmi ni màá bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi."

"Rárá, Màmá. Mo ti pe ọ̀gá, mo ní kó wá ẹlòmíì. Títí wọ́n á fi tún jẹ oúnjẹ ọwọ́ yín nílé yìí, mi ò lọ síbì kankan. Mi ò ní fi iṣẹ́ fèrè sílẹ̀ o. Mi ò ní pa irọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àárín agboolé ni màá ti máa fọn ún ní ìrọ̀lẹ́, lójú gbogbo wọn, ẹ̀yin á sì jókòó tì mí."