Irọ́ Tó Ṣẹ́ Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ ìgéran kan ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín wá rà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ Aríná-má-sàá àti bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ra òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún dé.

"Ṣé ọ̀bẹ lẹ ń jẹ nílé yín ni?" Aríná-má-sàá bi í. Bàbá rẹ̀ ló ń rọ ọ̀bẹ, òun ló ń fi iná mú un le.

"Ìwọ ni mo wá wò, ọ̀wọ́n."

Inú rẹ̀ dùn, kò sì pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Àfi ìgbà tí bàbá gbọ́ pé ọmọ àbúrò alágbẹ̀dẹ òpópónà kejì ni ọkùnrin náà, alágbẹ̀dẹ tí ọ̀bẹ rẹ̀ kì í mú pẹ́.

"Àṣírí iná wa ló ń wá, kì í ṣe ìwọ," bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ìfura wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bí wọ́n bá ti ọ̀bẹ gbígbóná bọ epo, ó máa ń le koko. Wọ́n á wá dá a padà sínú ààrò kékeré kó lè rọ̀ díẹ̀, kó má baà máa kán. Ìgbà tí wọ́n ń yọ ọ́ làṣírí ibẹ̀. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín sì béèrè lóòótọ́ pé, "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an?" ó rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó parọ́ fún un.

"Bó bá ti kúrò nínú epo, a kì í dá a padà sínú iná mọ́."

Ọkùnrin náà wo ààrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dágbére.

Kò pẹ́ tí àwọn alápatà fi ń pariwo: ọ̀bẹ òpópónà kejì mú bí abẹ, àmọ́ bó bá ti kan egungun, ó kán!

"Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí?" ni bàbá wí.

Aríná-má-sàá sunkún, ó nu ojú, ó lọ dúró de ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. "Amí! Ìfẹ́ lo fi bojú."

"Wọ́n rán mi lóòótọ́." Kò rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ mo mọ̀ pé irọ́ lo pa. Ọ̀bẹ wà nínú ààrò lẹ́yìn rẹ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Irọ́ yẹn ni mo gbé fún wọn. Wọ́n ti lé mi."

"Ẹni tó ṣe ẹbí rẹ̀ báyìí," bàbá sọ láti inú ilé, "kí ni kò ní ṣe sí wa?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ba Aríná-má-sàá náà lẹ́rù. Kò tíì fọkàn tán an tán. Síbẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sídìí ààrò.

"Má sọ fún mi, ìfẹ́ mi," ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. "Bí n ò bá mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa fura sí mi."

"Mi ò lè fẹ́ ẹni tí mò ń fi nǹkan pa mọ́ fún. Wò ó dáadáa. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bí oyin..."

Irin náà ń yí àwọ̀ díẹ̀díẹ̀. Aríná-má-sàá fi ẹ̀mú lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Bàbá káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó jágbe:

"Yọ ọ́ jàre, àna! Ṣé o fẹ́ kó rọ̀ bíi tilé yín ni?"