Ta Ló Ni Ìyá Àgbà Agnes?

"Olè! Olè ni ọ́, Corinne! Ojú mi rèé, ojú rẹ rèé, o wọ wíìgì tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lé mi lórí! Ta ló gbé eré náà wá síwájú ọ̀gá? Èmi ni! Bó bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, kí ló dé tí ẹ ò tètè mú un wá?"

Rosalind na ìka sí Corinne àbúrò rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín tí wọ́n fi aṣọ rán ń mì lórí rẹ̀, nítorí ipa tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú ètò Kérésìmesì yìí ni ti àgbọ̀nrín tó máa dúró lẹ́yìn fèrèsé, tí kò ní sọ ohunkóhun. Àwọn káfíńtà ń sáré kọjá pẹ̀lú ògiri onípáálí, obìnrin kan fi abẹ́rẹ́ há eyín, ó ń lé òṣèré tí ṣòkòtò rẹ̀ já. Ètò ẹ̀fẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ni, ó máa tó bẹ̀rẹ̀, tààrà, síwájú gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun téèyàn bá sọ níbẹ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àbúrò fojú ẹ̀gbọ́n rí! Ọdún mẹ́wàá ni Rosalind ti ń kọ ẹ̀fẹ̀ fún ètò yìí ní New York, àwọn ẹlòmíì ń sọ ọ́, wọ́n ń gba àtẹ́wọ́. Ipa Ìyá Àgbà Agnes nìkan ni kò fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lára ìyá àgbà tó tọ́ wọn dàgbà ní Queens ló ti mú un, obìnrin tó máa ń jó itan ẹlẹ́dẹ̀ níná ní gbogbo Kérésìmesì, tí á sì di ẹ̀bi ru àlùfáà pé ìwàásù rẹ̀ ló gùn jù. Rosalind ló fọṣọ fún un, tó fi ṣíbí bọ́ ọ títí ó fi kú. Corinne wà ní California nígbà yẹn, kò tilẹ̀ wá síbi ìsìnkú! Ọ̀gá Lowell tó ni ètò sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá kọ ipa tí ayé fẹ́ràn, òun ló máa ṣe é, á sì di òṣèré. Ohun tí Rosalind ń lé nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi iṣẹ́ náà hàn, Desmond ọkọ rẹ̀, òṣèré nínú ètò náà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Nígbà tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká láti ka eré, àfi bí Corinne, tó ti di òṣèré níbẹ̀, ṣe la ẹnu, tí ohùn Agnes jáde. Ta ló sì rẹ́rìn-ín jù? Desmond, ìkà ènìyàn!

Òun náà ló ń bọ̀ yìí, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun ti bàbá àgbà.

"Rosie, jẹ́ kó lọ. Ọdún la wà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín."

"Desmond, ìwọ nìkan ni mo fi hàn."

"Ṣé èmi ni mo wá sọ fún un ni? Bí mo bá sọ fún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi!"

Ó búra o! Lọ́fínńdà Corinne sì ń ta sánsán lára irùngbọ̀n náà. Rosalind gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wo ọkọ, ó wo àbúrò, ó sì mọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ó dáa. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ lo wọ̀ yẹn, Corinne. Bí kò fún ọ lẹ́sẹ̀, á ṣo ọ́."

Corinne pòṣé, ó tún wíìgì rẹ̀ ṣe.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sórí níbẹ̀, torí wọ́n ń yí i padà títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ọkùnrin kan ló ń dúró ti kámẹ́rà, á gbé páálí ńlá sókè, òṣèré á máa ka ohun tó wà níbẹ̀. Corinne ń kà á dáadáa. Èrò ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn fèrèsé, gbogbo ẹ̀rín yẹn ń dun Rosalind wọ egungun, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni, lẹ́nu ẹni tí kò sin ín.

Àfi bí ẹ̀rọ tó ń tú yìnyín fún olórin tó máa tẹ̀lé wọn ṣe bẹ́, tó da fóòmù bo gbogbo onílù! Olùdarí na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fà wọ́n jìnnà síra bí ẹni ń fa rọ́bà. Ẹ pẹ́ sí i, àwọn tó kàn kò tíì ṣetán! Ṣùgbọ́n páálí ti tán. Ọkùnrin onípáálí sáré kọ ọ́ sórí èyí tó ṣófo: FÀ Á GÙN.

Ẹni tó bá mọṣẹ́ mọ̀ pé àṣẹ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Corinne kà á.

"Fà á gùn!" ló wí, ní ohùn Agnes, ọwọ́ ní ìbàdí.

Desmond, tí kò lè dá ẹ̀fẹ̀ kan ṣe bí ìyàwó rẹ̀ kò bá kọ ọ́ fún un, wo itan ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Ó dì í mú, ó fà á. Èrò rẹ́rìn-ín. Onípáálí tún kọ ọ́, ó tóbi sí i.

"Mo ní fà á gùn!"

Desmond tún fà á. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnì kan wúkọ́.

"Kí ló kàn?" Corinne sọ ọ́ kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́.

"Èmi náà ò mọ̀!"

"O ò mọ̀ kẹ̀? Ìwọ lo jí i fún mi! O ní gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀!"

"Pa ẹnu mọ́, kámẹ́rà wà lórí wa!"

"Mi ò pa á! Lórí bẹ́ẹ̀dì mi lo ti ń kà á fún mi, tí o ń pe ìyàwó rẹ ní òpè! Ọ̀dàlẹ̀!"

Ọkàn Rosalind sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀, kí wọ́n rì. Ṣùgbọ́n ilé Agnes nilé yẹn. Ó fẹsẹ̀ gba fèrèsé onípáálí, ó wọlé tìwo-tìwo, ohùn ìyá àgbà sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ń sọ ti bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀? Mo kú, mo padà wá ní àgbọ̀nrín, ẹ ṣì ń dà mí láàmú! Ìwọ onírùngbọ̀n, gbé ẹran mi sílẹ̀! Ẹran yẹn jóná, àlùfáà ló fà á. Ẹ̀yin méjèèjì jóná, ọwọ́ ara yín ló fà á. Ó yá, ẹ bọ́ síta nínú òtútù!"

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín! Àwọn méjèèjì dorí kodò jáde. Rosalind nìkan ló dá ilé náà gbé títí olórin fi ṣetán, kò wo páálí kankan.

Nígbà ìpolówó ọjà, Ọ̀gá Lowell dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Corinne, bọ́ wíìgì yẹn. Desmond, kó ẹrù rẹ. Mi ò fẹ́ rí yín níbí mọ́ lẹ́yìn òní. Àgbọ̀nrín, ìwọ dúró. Òṣèré mi ni ọ́."

Corinne bú sẹ́kún. Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́?

Ìparí ètò kù. Àṣà wọn ni pé gbogbo òṣèré á jáde, wọ́n á juwọ́, wọ́n á dì mọ́ra wọn. Desmond sáré wá pẹ̀lú apá ní yíyà.

"Rosie, dákun, dì mọ́ mi. Bí o bá dì mọ́ mi báyìí, gbogbo ayé á gbà pé eré ni."

Rosalind mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré, orúkọ Desmond á mọ́.

"Mo mọ̀," ni Rosalind wí.

Ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ dì mọ́ olórin. Apá Desmond ṣì wà ní yíyà nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lójú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.