Ìtọ̀ Ẹnì Kan Nínú Ìgò Gbogbo Olóko

Oòrùn Ilé-Ifẹ̀ mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú odò ni Sàúdátù wà ní tirẹ̀, tó ń ṣan ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí òun àti Akóredé, ọkọ rẹ̀, gbìn sí àkùrọ̀. Ràódàt, ọmọ wọn, ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ yìí ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àyà ìyá rẹ̀ ń já, àmọ́ Akóredé ní ooru ni.

Nọ́ọ̀sì Ìyìnolúwa ti pín ìgò fún gbogbo olóko àtàwọn ọmọ wọn láàárọ̀. Ó ní àwọn ará òkè-òkun kan ló fowó ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń múni tọ ẹ̀jẹ̀, wà láàárín àwọn tó ń fi omi odò bomi rin oko. Kí kálukú tọ̀ sí tirẹ̀.

"Tí wọ́n bá rí nǹkan, ta ni yóò ra ẹ̀fọ́ wa?" Akóredé bi ìyàwó rẹ̀.

Ni Akóredé bá ránṣẹ́ pe Hàjàrá, àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Mayfair láàárín ìlú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ẹrẹ̀ odò rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kànga lẹ sọ mí dà ni?" Hàjàrá ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣáà máa mumi, kóo máa tọ̀ fún wa jàre!"

Àwọn olóko yòókù náà gbé ìgò tiwọn wá bá Hàjàrá, ni gbogbo ìgò bá kún. Sàúdátù rí èyí tí wọ́n kọ orúkọ Ràódàt sí. Ó gbé e, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kó àwọn ìgò náà lọ yẹ̀ wò, tó sì padà wá, ẹ̀rín ló bá dé. "Ẹ kú oríire o! Kò sí àrùn kankan níbí!"

Wọ́n hó yèè.

"Oògùn inú ọkọ̀ yìí, ìlú tí a ti rí àrùn là ń kó o lọ. Ó dàbọ̀ o."

Dẹ́rẹ́bà ṣíná sí ọkọ̀. Sàúdátù bẹ́ gìjà, ó sáré, gèlè já bọ́, ó ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ Hàjàrá ni gbogbo rẹ̀!"

"Sàúdátù! O tú wa láṣìírí! Ta ni yóò ra ẹ̀fọ́ wa báyìí?"

"Kó tú! Ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀, Bàbá Ràódàt!"

Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá Ràódàt, wọn kì í kó o nínú ẹ̀fọ́. Ara ìṣáwùrú inú odò ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, á gba awọ ẹni tó wọmi wọlé. Ẹni tó bá sì tọ̀ sódò ló ń dá a padà síbẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè ba kíndìnrín ọmọ yìí jẹ́, ó sì lè dí i lọ́wọ́ ọmọ bíbí lọ́la."

 Akóredé fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò tuntun fún ọmọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn rí i.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá wọn gíga Ràódàt kí wọ́n lè mọ iye oògùn tó tọ́ sí i, wọ́n ní kó jẹun, ó sì gbé oògùn mì. Inú Sàúdátù dùn dẹ́yìn. Akóredé ti wà lórí ebè, ó ń pariwo sí àwọn yòókù: "Ẹ jáde o! Ìtọ̀ tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wá!"

Ẹ̀yin olóko àkùrọ̀, ẹ má tọ̀ sódò, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà òjò tí ẹ bá ń bomi rin oko. Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Tí wọ́n bá sì wá yẹ̀ yín wò, ẹ fi òótọ́ hàn wọ́n. Ibi tí ẹ bá fi àrùn pamọ́ sí, oògùn ò ní mọ̀nà débẹ̀.