Orí Oníbàárà Kì Í Ṣe Pátákó Ìpolówó

"Ṣé ẹ rí i pé ṣọ́ọ̀bù tuntun ti ṣí ní òdìkejì títì?"

"Ṣé afọ́jú ni mí ni?"

"Ṣé ẹ rí àwọn fọ́tò ńláńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọn?"

"Ṣé fọ́tò ló ń di irun?"

"Kí wá làwa fẹ́ fi pe oníbàárà?"

"Kí ló pe àwọn tó ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìbéèrè ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè ni?"

"Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?"

Báyìí ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ṣe máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn láràárọ̀. Bí ọ̀kan bá ń gbálẹ̀, èkejì a máa nu dígí. Bí ọ̀kan bá sọ̀kò ọ̀rọ̀, èkejì a fi òmíràn dá a padà. Ẹ̀gbọ́n ni onídìrí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tó bá jókòó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè sùn lọ fọnfọn títí irun náà yóò fi parí. Orúkọ yìí náà ni wọ́n kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò rẹ̀ ni Ajíyàwòrán, ẹni tí kì í rí nǹkan kó má ya fọ́tò rẹ̀, ìbáà jẹ́ abọ́ tí wọ́n fi ń po ọṣẹ ìfọrun. Ìyá wọn, tí orí rẹ̀ ti funfun bí òwú, a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa ya atáṣímẹ́ǹtì, irun àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi kún dídì, sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, a sì máa dá sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Nǹkan méjì ló ya ṣọ́ọ̀bù yìí sọ́tọ̀. Èkíní ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní kóòmù tirẹ̀, tó wà nínú àpò aṣọ kékeré, tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ a máa sọ pé kóòmù tí gbogbo orí bá jọ ń lò, gbogbo orí ni yóò jọ pín èélá rẹ̀. Èkejì ni àga kan tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì, fún ẹni tí irun rẹ̀ ń re tàbí tí orí rẹ̀ ń pá. Ohun tí wọ́n bá rí lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀yìn kọ́tìnì náà ló ń gbé.

Ẹni tó ń jókòó lórí àga yìí jù ni obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí. Tíṣà ni tọmọdé-tàgbà ń pè é. Dídì líle tí wọ́n ti ń di irun rẹ̀ níbòmíràn fún ìgbà pípẹ́ ti fa irun ìpàkọ́ rẹ̀ tu. Ibẹ̀ pá, ó sì ń dán. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò fọwọ́ kàn án títí ó fi rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ìgbà tí dókítà ní kò sí àrùn kankan níbẹ̀ ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú: ó jẹ́ kí irun náà sinmi, ó ń fi òróró díẹ̀ pa á, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun tún fà á le. Ó ní kí Ajíyàwòrán ya fọ́tò ibẹ̀, kí àwọn lè máa fi wò bóyá irun ń hù. Tíṣà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Tíṣà jókòó, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé dígí sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Tíṣà."

"Kí ni dúdú yẹn? Ẹ má sọ pé irun ni o!"

"Kí ló tún lè jẹ́? Ṣé ẹ rò pé èédú ni mo fi kùn ún ni?"

Tíṣà fò dìde, ó jó yí àga ká. Màmá fi atáṣímẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀ lu itan, ó ń bá a ṣe ègbè. Ajíyàwòrán ya fọ́tò kejì, inú rẹ̀ sì dùn dé góńgó. Nígbà tó di ọ̀sán, ó to fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó gbé wọn sí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: "Olùkọ́ kan ló ni orí yìí. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe!" Ojú Tíṣà kò hàn níbẹ̀ rárá.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tí wọn kò dé ṣọ́ọ̀bù náà rí ń béèrè ọ̀nà.

"Kí ló dé tí èrò fi ya lù wá báyìí?" ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ béèrè.

"Orí yín ló jí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ohun kan ni Ajíyàwòrán kò rò. Olùkọ́ tó bá ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò. Tíṣà a máa fi aṣọ bo orí lọ sí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n àmì dúdú róbótó kan wà lọ́rùn rẹ̀, nísàlẹ̀ etí òsì, tí aṣọ kì í bò, ó sì hàn kedere nínú fọ́tò náà. Àwọn ọmọ náà lè má rántí bí imú rẹ̀ ṣe rí. Àmì yẹn kò lè ṣì wọ́n lójú.

Nígbà tí Tíṣà wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ó bá àwòrán orí kan lójú pátákó, tí ìpàkọ́ rẹ̀ pá róbótó.

"Ta ló ya èyí?"

Gbogbo wọn dojú kọ ìwé wọn.

"Mo ní ta ló yà á? Ibi tó pá yìí kò rí róbótó tó. Ẹni tó yà á, jáde síta, mú kọ́ńpáàsì, kí o tún un yà bí mo ṣe kọ́ yín."

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíláàsì parí, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n sì fi fóònù hàn án.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ẹ kúuṣẹ́ o."

"Tíṣà wa! Ẹ kú àbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fi tètè padà?"

"Kóòmù mi ni mo wá mú."

"Kóòmù? Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó na fóònù sí i. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wò ó, ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ajíyàwòrán! Ta ló ní kó o gbé èyí síta?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó dáadáa, ojú wọn ò hàn…"

"Ojú kẹ̀!" ni Tíṣà wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn mi làwọn ọmọ yẹn ń wò lójoojúmọ́. Wọ́n mọ ìpàkọ́ mi ju ìyá tó bí mi lọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ gbà kí n ya fọ́tò, mà."

"Mo gbà kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi wo bóyá irun ń hù. Ẹni tó ṣí ikùn fún dókítà, ṣé ó ní kí wọ́n gbé ikùn òun káàkiri ìlú ni?"

Ajíyàwòrán kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò rò ó débẹ̀ ni. Ṣé ẹ dárí jì mí?"

Tíṣà gba àpò kóòmù rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. "Mo fi ẹ̀rín bò ó lójú àwọn ọmọ," ni ó wí. "Irú ẹ̀rín yẹn ti tán lẹ́nu mi lónìí." Ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ kì í wọ bàtà kó tó rìn. Aránṣọ tó wà ní ìkòríta dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n fún òun ní kóòmù òun. "Mi ò bínú o," ni ó wí, "àmọ́ èmi náà ní ohun tí mò ń bò." Òmíràn ní òun fẹ́ lọ fọ tòun nílé.

"Láti ìgbà wo ni kóòmù ti ń rìnrìn àjò lọ wẹ̀?" ni Màmá béèrè, ṣùgbọ́n oníyẹn ti kọjá lọ. Àwọn tí fọ́tò náà pè wá pàápàá, bí wọ́n bá ti jókòó, tí wọ́n rí fóònù lọ́wọ́ Ajíyàwòrán, wọn a rántí pé àwọn dáná sílé. Ìṣó ń ṣófo lọ lára ògiri. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n fi ń jẹun, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wọn pé bí ìṣó bá ṣófo tán, ilẹ̀kùn ni yóò kàn.

"Mo ti pa fọ́tò náà rẹ́," ni Ajíyàwòrán wí, omi lójú. "N ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí Tíṣà má bínú."

"Ẹn-ẹ́n!" ni Màmá fèsì. "Ẹni tí kò mọ̀ pé Tíṣà ló ni orí lánàá, wàá wá sọ fún un lónìí. Wọ́n ní ẹyin lohùn; fọ́tò burú ju ẹyin lọ. Ẹyin tó fọ́ á dúró lójú kan kí wọ́n nù ún."

"Kí la ó wá ṣe, Màmá?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló dá a lóhùn. "Gbogbo ẹni tó bá fi ránṣẹ́ síwájú, bẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan kó pa á rẹ́. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo fi fóònù lé ọ lọ́wọ́ láìfún ọ lófin. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sílé Tíṣà."

Wọ́n lọ. Tíṣà fún wọn lómi mu, ó tẹ́tí sí ẹ̀bẹ̀ wọn, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ṣòfin. Wọn kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò orí ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, kí ẹni tó ni orí sì rí i kó tó jáde. Ẹni tó bá ní rárá, wọn kò gbọ́dọ̀ fajú ro sí i. Ẹni tó bá sì yí ọkàn padà, kí wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀.

"Ó dáa náà," ni Ajíyàwòrán wí. "Orí ta la ó wá fi polówó?"

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má wò mí o," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Orí arúgbó yìí? Ẹ fẹ́ lé àwọn tó kù lọ ni?" Ṣùgbọ́n ó ti ń tú aṣọ orí rẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kó o yà. Ẹ̀gbẹ́ òsì kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ di irun funfun náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ajíyàwòrán yà á, Màmá sì ní kó tún un yà títí eyín òun tó kù yóò fi hàn dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Orí ìyá wa nìyí. Bí a ṣe ń tọ́jú tirẹ̀ la ó tọ́jú tiyín." Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí Màmá inú fóònù.

"Ẹ rọra o," ni Màmá a máa wí, "ẹ má fọwọ́ kàn mí, fọ́tò náà ṣì tutù."

Díẹ̀díẹ̀ ni àpò kóòmù ń padà sórí ìṣó. Aránṣọ padà wá, ó ní kí wọ́n ya òun náà. "Ṣé Màmá nìkan ló lórí ni?"

Ní gbogbo àsìkò yìí, Tíṣà ti sọdá títì lọ máa dirun ní ṣọ́ọ̀bù tuntun yẹn. Nígbà tó yá, ó wọlé wá, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàǹgbà.

"Ẹ tú u fún mi, kí ọpọlọ mi tó gba etí jáde. Wọ́n di í le débi pé mi ò lè ṣẹ́jú. Gbogbo ìdáhùn táwọn ọmọ bá fún mi, wọ́n rò pé ó ń yà mí lẹ́nu ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ògiri mú. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà padà sábẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ajíyàwòrán nìkan ni Tíṣà kì í dá lóhùn.

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí, mà?"

"Omi yìí tutù jù."

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀: "Ṣé ẹ ti dárí jì mí, mà?"

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀?"

"Tíṣà," ni Màmá wí, "ẹ dá ọmọ lóhùn."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tán."

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín gbà yín láàyè láti rí ohun tí ẹlòmíràn ń bò, ẹ̀yin onídìrí, onígbàjámọ̀, aránṣọ, olùtọ́jú aláìsàn, ẹ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọjà tí ẹ ń tà. Òróró àti kóòmù wà níbi gbogbo. Bí oníbàárà bá gbà yín láyè fún ohun kan, ẹ má fi ṣe òmíràn. Ẹ béèrè, kí ẹ sì gba "rárá" tọkàntọkàn. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ níwájú ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀; ènìyàn ló ni orí náà.

Ó ku ìdáhùn Tíṣà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tíṣà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, Ajíyàwòrán sì wà níwájú, nígbà tí obìnrin kan tó múra rèǹtè-rente wọlé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ tọ́jú orí olùkọ́ kan tó pá?"

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó."

"Irun tèmi náà ń re. Bó bá dára, èmi àtàwọn ọmọ mi ni ó máa wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ bá olùkọ́ yẹn sọ̀rọ̀. Ta ni?"

"A ò lè sọ, mà."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbé e síta?"

"Èmi ni, mà. Kò yẹ kí n ṣe é."

"Ṣé o mọ̀ pé mo lè sọdá títì?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ó sì tẹ́ ọ lọ́rùn kí n lọ?"

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, mà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ tiwọn fún yín lónìí, ta ni n ó sọ tiyín fún lọ́la?"

Obìnrin náà, tó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, dúró. Ó sì rọra sọ báàgì náà kalẹ̀.

Kọ́tìnì ṣí. Tíṣà jáde, ìlàjì orí rẹ̀ ní dídì, ìlàjì ní títú.

"Èmi ni olùkọ́ náà," ni ó sọ fún obìnrin náà. "Ohun tó bá wù yín, ẹ bi mí." Ó wá yíjú sí Ajíyàwòrán. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò ní ìbéèrè lónìí ni?"

Ajíyàwòrán kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti dárí jì mí, mà?"

"Mo ti dárí jì ọ́."