Ọ̀rá Oúnjẹ Lẹ́nu Géètì

Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìyẹ́ tó já sílẹ̀, kò sì sí ihò tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè gbà wọlé. Ọlọ́mọyọyọ kàn nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ ni, ó ti gan pa. Lánàá yìí ló yé ẹyin. Sìdíkàt dúró tì í nínú òtútù àárọ̀ pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. "Ìnnà lílàhi," ló sọ. Ìgbà tó sọ ọ́ kẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ sí.

Làtíìfù ọkọ rẹ̀ ló ra àwọn adìẹ náà. Ó wa bọ́ọ̀sì ní Peckham, nílùú London, títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ní òun ò lè dàgbà sínú ìlú tí èèyàn kì í ti í gbóhùn adìẹ láàárọ̀. Ó kan ilé fún wọn lẹ́yìnkùlé fúláàtì wọn, ó sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi kú. Àwọn èèyàn wá jẹ sàárà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n jẹ ti ogójì ọjọ́, wọ́n nu ẹnu wọn nù, ó di gbére. Yusrah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, ó sì ń pè bí àyè bá gbà á. Bí ẹ bá gbóhùn Sìdíkàt nínú ilé yẹn, adìẹ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń sọ fún un pé ayé ò tíì gbàgbé òun. Bó bá ṣí géètì ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, á bá ọ̀rá tí wọ́n fi kọ́ ọ: ìrẹsì tó ṣẹ́kù, búrẹ́dì, ẹ̀bà tó ti le. Ẹ sáà mọ bí tiwa ṣe rí. Ta ni yóò da oúnjẹ Ọlọ́run sí bíìnì nígbà tí adìẹ wà ládùúgbò? Ọ̀rá tòní á jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, tọ̀la á jẹ́ ti alápatà, nítorí náà ó gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni. A máa fọkàn yàwòrán wọn bí wọ́n ti ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń rántí ìyàwó Làtíìfù. Kò kọ ọ̀kan rí. Bí búrẹ́dì bá tilẹ̀ ti bu, á ní adìẹ ò mọ ìyẹn, á dà á sí abọ́ wọn, á sì ká ọ̀rá náà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń tọ́jú aṣọ ọdún.

Alhaja Kánsọ́lá, olórí àwọn obìnrin àsàlátù, ló kọ́kọ́ sọ ikú adìẹ náà di ọ̀rọ̀. Orí fóònù ló wà. Kì í wá sílé ẹni, àmọ́ kò sí ilé tí ohùn rẹ̀ kì í dé.

"Kò sí egbò lára ẹ̀ rárá?"

"Rárá, Alhaja."

Kánsọ́lá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀. "Ta ló ń gbé òkè yín?"

"Ìyá Mìsítúrà ni." Orúkọ ìyá náà fúnra rẹ̀ ni Mìsítúrà, kì í ṣe ti ọmọ.

"Ẹn-ẹ́n! Gbogbo ọmọ tó ti Nàìjíríà dé, tó gbé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, tó jẹun ẹ̀, ẹyọ kan ò padà wá kí i. Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè ìdí? Obìnrin tí ò bí, tí ò pọ̀n!"

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé…"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o, Ìyá Yusrah. I'm just saying."

Ẹni tó bá ti ń wá àjẹ́ kò ní í pẹ́ rí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, adìẹ méjì mìíràn ti lọ. Wọ́n á dúró sójú kan, ìyẹ́ wọn á rú, ọ̀fun wọn á wú, ìgbẹ́ wọn á ṣàn bí omi, ó parí. Sìdíkàt ka Àyátù Kúrúsíyù sínú omi wọn. Ó tún bu oúnjẹ kún oúnjẹ fún àwọn tó kù, kí ara wọn lè le.

Ó ń ṣe àlùwàlá àsùbáà lọ́jọ́ kan nígbà tí ẹyẹ kan han lórí òrùlé. Ó yọjú lójú fèrèsé kíṣìnì. Ẹnì kan dúró sẹ́nu géètì nínú òkùnkùn, ó fi ìborùn funfun bo orí, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń bá géètì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yíjú padà, ìyá òkè ni. Ara Sìdíkàt bù máṣọ. Ìgbà tó fi rí bàtà wọ̀, kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, adìẹ mìíràn sì ti kú sílé.

Ó lọ dúró de ìyá lórí àtẹ̀gùn. "Ìyá, kí lẹ wá ṣe lẹ́nu géètì mi láfẹ̀mọ́jú?"

Ìyá Mìsítúrà fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Èmi? Mo… mo gba atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn, nínú òtútù yìí?"

"Mo ní atẹ́gùn ni mo gbà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi adìẹ ọkọ mi sílẹ̀ fún mi. Àwọn nìkan ni mo ní."

Ìyá dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Sìdíkàt," ló wí, "kí lo ń pè mí?"

Sìdíkàt kò pe ọ̀rọ̀ náà síta níbẹ̀. Kánsọ́lá ló pè é fún nígbà tó délé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di Sọ́ńdè, kò sí obìnrin àsàlátù tí kò gbọ́. Ìyá Mìsítúrà ló ti ń dáná fún wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó gbé kúlà ìrẹsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. "Ìyá, ẹ sinmi lórí oúnjẹ yìí," ni Kánsọ́lá wí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, kò dé ojú. "Ẹ ti dàgbà." Ìyá gbé kúlà rẹ̀ padà wọ bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, ọ̀rá mẹ́ta ló kọ́ sẹ́nu géètì lẹ́ẹ̀kan náà. Inú Sìdíkàt dùn. Ó ní àwọn èèyàn ti gbọ́ pé nǹkan ń ṣe òun.

Níkẹyìn ó ku Àbẹ̀kẹ́, adìẹ pupa tí Làtíìfù máa ń gbé sórí itan. Nígbà tí ọ̀fun tirẹ̀ náà wú, Sìdíkàt sunkún sí Yusrah létí lórí fóònù.

"Mummy, àjẹ́ ní Peckham? Allow it, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ vet, please. Today."

Ó gbé Àbẹ̀kẹ́ sínú páálí, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn ẹranko kan lọ́nà Camberwell. Dókítà náà, ọmọdébìnrin òyìnbó kan, tẹ àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn adìẹ náà, ó sì rọra fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Òórùn kíkan gba yàrá. Ìrẹsì ni, àti búrẹ́dì tó ti bu.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?" ni dókítà bi í.

"Àwọn èèyàn ló ń gbé e wá fún mi," ni Sìdíkàt dáhùn, tó ń yangàn díẹ̀.

Dókítà ní oúnjẹ tó bu ló ń pa wọ́n, iyọ̀ àti epo inú rẹ̀ náà ò sì ran nǹkan lọ́wọ́. Ó ní òfin ìlú pàápàá ò fẹ́ kí èèyàn fún adìẹ ní oúnjẹ tó ti kíṣìnì jáde. Oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni kó máa rà, pẹ̀lú omi tó mọ́. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá tún jẹ nínú tọ̀hún, kò ní í yè é.

Sìdíkàt sunkún nínú bọ́ọ̀sì débi tí ẹni tó jókòó tì í fi dìde lọ. Ojú ìyá òkè ń tì í, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbé nǹkan wá mọ́. Bí ọ̀rá bá dẹ́kun, ta ni yóò tún rántí òun? Àbẹ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ ha páálí lórí itan rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e.

Láfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, ó bu aṣọ bora, ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń to ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tí yóò fi bẹ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ dún. Ìyá Mìsítúrà ló yọ, tòun ti ọ̀rá lọ́wọ́.

"Ìyá? Ẹ̀yin náà wà lára wọn?"

"Lára àwọn wo?"

"Àwọn tó ń gbé oúnjẹ adìẹ wá."

Ìyá wò ó títí. "Kò sí ẹlòmíràn, Sìdíkàt. Àtìgbà tí Làtíìfù ti kú, èmi nìkan ni."

Sìdíkàt fara ti ògiri. Gbogbo èrò tó ń kọjá níwájú géètì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sí wọn. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ni, tó ń fi ìborùn bo orí.

"Ilé mi ò ṣófo rí," ni ìyá wí. "Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní airport tí ò ríbi sùn, ọ̀dọ̀ mi ni. Màá dáná, màá tún bu ti àlejò sílẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Wọ́n ríṣẹ́, wọ́n lọ. Èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Màá sè é, màá máa wo ilẹ̀kùn. Tó bá ti bà jẹ́, ojú máa ń tì mí láti kó o jáde lọ́sàn-án, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò wá." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo ní kí adìẹ bá mi jẹ ẹ́. Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ẹnu Sìdíkàt. Ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tutù yẹn. "Èmi ni mo bù ú fún wọn, Ìyá. Mo rí i pé ó ti bu. Ẹ foríjì mí."

Nígbà tó di Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì ló jọ gbé kúlà wọ inú àsàlátù, ìyá lápá kan, Sìdíkàt lápá kejì. Ìyá ò fẹ́ wá. Sìdíkàt ló fà á lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, ó dìde.

"Kì í ṣe àjẹ́ ló pa adìẹ mi," ló wí. "Oúnjẹ tó bu ni, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi bù ú fún wọn. Èmi ni mo sì sọ ohun tí ẹ gbọ́. Irọ́ ni."

Alhaja Kánsọ́lá rí nǹkan pàtàkì kan wò nínú fóònù rẹ̀. Sìdíkàt ṣí kúlà, ó bu ìrẹsì gbígbóná sí abọ́, ó jókòó ti ìyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, wọ́n ń retí ìgbà tí yóò ṣubú lulẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ò tíì na ọwọ́ sí kúlà náà.

Ó gbé abọ́ rẹ̀ síwájú ìyá. "Ìyá, ẹ tún bu sí i fún mi."